Iṣẹ́ Wo Ni Gbólóhùn Yìí Ń Ṣe?

Ẹni tó bá ti jókòó ṣe ìdánwò Yorùbá rí nílé ẹ̀kọ́ girama mọ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: èdè, lítíréṣọ̀, àṣà. Èmi náà fi ìpín mẹ́ta yìí jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọjọ́rú, ìwé ìtàn àròsọ. Ọjọ́ Ẹtì, àṣà ìkíni tàbí àṣà ìgbéyàwó. Ó rọrùn láti fi ṣe tímútébù. Àmọ́ bí mo bá ti jáde ní géètì ilé ẹ̀kọ́ tí mo wọ máíkírà padà sí ilé mi ní Bódìjà, nílùú Ìbàdàn, mi ò rí ẹnì kan rí tó ń sọ èdè lọ́tọ̀ tó wá ń ṣe àṣà lọ́tọ̀. Èrò mi ni pé ìpín mẹ́ta yìí wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ọmọ gba A nínú Yorùbá, kó má sì lè fi Yorùbá ṣe nǹkan kan.

Ọmọkùnrin kan wà tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìnnì ní Ring Road. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, orí rẹ̀ sì pé. Ó lè ka oríṣi gbólóhùn fún yín bí ẹní ka ABD: abọ́dé, alákànpọ̀, oníbọ̀, gbólóhùn àṣẹ, gbólóhùn ìbéèrè, gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́. Ó wọ ọkọ̀ ní Challenge lọ́jọ́ kan, Mobil ló yẹ kó ti bọ́ọ́lẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n débẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó wà níwájú yẹn.” Kò sí àṣìṣe kankan nínú gbólóhùn yẹn. Èmi gan-an ìbá fún un ní máàkì rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n kó tó sọ ọ́ tán, ọkọ̀ ti kọjá. Obìnrin tó jókòó tì í ló bá a pariwo: “Ó wà o!” Awakọ̀ sì tẹ bíréèkì.

Ẹ wo “Ó wà” yẹn dáadáa. Bí a bá fi ojú gírámà ilé ẹ̀kọ́ wò ó, arọ́pò-orúkọ kan àti ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni. Kí ló wà? Ta ló wà? Gírámà ò lè sọ. Àsìkò tí a sọ ọ́ ló gbé gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀ dání. Ẹni tó bá sọ ọ́ nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ní Challenge, wọ́n á wò ó bíi pé nǹkan ń ṣe é. Ẹni tó bá sọ ọ́ nígbà tó ku díẹ̀ kí ọkọ̀ dé ibi tó ń lọ ti pàṣẹ fún àgbàlagbà, láìsí “ẹ jọ̀ọ́”, àgbàlagbà náà ò sì ní bínú. Kódà kò pọn dandan kó jẹ́ ẹni tó fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ ló máa sọ ọ́. Ẹni tó wà níwájú lè bá ẹni tó wà lẹ́yìn ké e. Gbogbo èyí jẹ́ òfin, ó sì le bí òfin gírámà èyíkéyìí, ṣùgbọ́n abẹ́ ìsọ̀rí wo la máa fi sí? Kì í ṣe lítíréṣọ̀. Àwọn tó ń ṣètò ìwé àṣà ò ní kà á sí àṣà. Àwọn onígírámà ní tiwọn á ní ó ti kéré jù.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rò ó báyìí. Bronislaw Malinowski, onímọ̀ nípa àṣà àwùjọ, ọmọ ilẹ̀ Pólándì, gbé láàárín àwọn ará erékùṣù Trobriand nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Nígbà tó di ọdún 1923, ó kọ ọ́ pé iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ sísọ, pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ gbólóhùn gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ àti ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Títí dé ibẹ̀, mo bá a lọ. Ṣùgbọ́n ó tún ní nǹkan kan tó sọ nípa ìkíni àti ọ̀rọ̀ ìṣeré: ó ní ohun tí wọ́n wà fún kò ju kí wọ́n so èèyàn pọ̀, pé ohun tí ọ̀rọ̀ inú wọn túmọ̀ sí fẹ́rẹ̀ẹ́ má já mọ́ nǹkan. Ibẹ̀ yẹn ni èmi àti Malinowski ti pínyà. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni ìkíni rí ní ìlú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Bódìjà.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kìíní ọdún 2024, nǹkan bú gbàmù ní Bódìjà àtijọ́. Àwọn tó jìnnà gan-an sí wa gbọ́ ọ, fèrèsé fọ́ ní àdúgbò tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ sọ pé ohun abúgbàmù tí àwọn awakùsà kan kó pamọ́ sínú ilé ló fà á. Ẹ̀mí lọ, ilé wó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a jáde láti kí ara wa, mo sì ń tẹ́tí, torí pé àárẹ̀ olùkọ́ kì í lọ lára olùkọ́. Ẹni tí kò fara pa, tí ohun tó bá a kò ju ìpayà lọ, wọ́n ní, “Ẹ kú ewu àná o.” Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ṣí, tí mọ́tò rẹ̀ fọ́, wọ́n ní, “Ẹ kú àdánù o, Ọlọ́run á dá a padà.” Ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú, ohùn á kọ́kọ́ wálẹ̀ ná, “Ẹ kú ará fẹ́ra kù,” wọn ò sì ní fi nǹkan míì kún un.

Kò sẹ́ni tó lè mú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìjẹ́ pé ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà tó fẹ́ wọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dúró lẹ́nu géètì ká tó wọlé, tí à ń bi megádì lábẹ́nú pé, “Ṣé kò séwu? Ẹ̀mí ò lọ?” Ẹni tó bá lọ kí olóòkú pé “ẹ kú ewu” ti jẹ́wọ́ pé òun ò wádìí. Ẹni tó bá sì kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà nílé ìwòsàn pé “ẹ kú ará fẹ́ra kù” ti ṣépè. Nítorí náà ìkíni wa ń so èèyàn pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ inú rẹ̀ gan-an ló fi ń ṣe é. Ó ń sọ fún ẹni tí à ń kí pé, mo mọ̀, mo sì ti bèèrè rẹ kí n tó dé. Bẹ́ẹ̀, abẹ́ “àṣà” ni ìwé wa fi ìkíni sí, ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń ṣe lórí rẹ̀ ni: Báwo ni a ṣe ń kí aláró? Ẹ sọ bí a ṣe ń kí onídìrí. Ọmọ á há a sórí. Ta ló wà ní Agbowó lónìí tó tún fẹ́ kí aláró?

Ẹ jẹ́ ká wọ ọjà Bódìjà báyìí. Ẹ̀wà ni mo lọ rà.

“Ẹ kú ọjà o, ìyá ẹlẹ́wà.”

“Ẹ ṣé o, Màmá. Olóyin ni àbí funfun?”

“Olóyin ni. Ṣé tuntun ni?”

“Tuntun ni mo tà fún yín níjọsí, tuntun náà ló wà ńlẹ̀.”

Mo bèèrè iye tí kóńgò kan jẹ́. Ó sọ ọ́. Mo di orí mú.

“Ẹ̀wà ni mo fẹ́ rà o, mi ò ní kí ẹ ta ilẹ̀ fún mi.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ dọ̀wọ́n o, Màmá. Àwọn tó ń gbé e bọ̀ láti òkè Ọya ni kí ẹ bi.”

A ná an, a ná an, ó ní kí n san án jálẹ̀, mo ní kó fi ènì sí i, ó bu ẹ̀kún ọwọ́ lé e. Ọjà ni, kò sí ohun àrà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí gbólóhùn méjì tó wà láàárín yẹn: “Ẹ̀wà ni mo fẹ́ rà o” àti “Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ dọ̀wọ́n o.” Méjèèjì ni ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́. Ohun tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ lọ́dọọdún ni pé kí wọ́n gbé ohun tí wọ́n fẹ́ tẹnu mọ́ síwájú, kí wọ́n fi “ni” tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ṣíṣe: “Sọ gbólóhùn yìí di alátẹnumọ́: Olú ra ẹ̀wà.” Ọmọ á kọ ọ́: Olú ni ó ra ẹ̀wà. Ẹ̀wà ni Olú rà. Rírà ni Olú ra ẹ̀wà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba máàkì. Kò sẹ́ni tó bi í pé nígbà wo ni èèyàn máa ń nílò ìkíní, nígbà wo ló máa ń nílò ìkẹta.

Àwíyé ìyá ẹlẹ́wà kọjá ti ìwé. Nígbà tí mo ní “Ẹ̀wà ni mo fẹ́ rà,” òun àti èmi ti mọ̀ pé rírà wà nílẹ̀, iye owó sì ti dé ọjà. Mò ń fi “ni” yẹn bá a jiyàn lórí ohun tí owó yẹn tọ́ sí. Nígbà tí òun náà dáhùn pé “Èmi kọ́,” kò sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀wà mọ́, kò sì sọ pé kò wọ́n. Ó gbà pé ó wọ́n, ó wá ti ẹ̀bi rẹ̀ kúrò lọ́rùn ara rẹ̀ lọ sọ́rùn àwọn ará òkè Ọya. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi yí àríyànjiyàn padà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni mò ń sọ, ẹ lọ bá ẹlẹ́wà kan tí kò tíì bi yín ní nǹkan kan, kí ẹ kàn dédé ní, “Ẹ̀wà ni mo fẹ́ rà.” Á wo ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bóyá ẹnì kan ti kọ́kọ́ sọ pé iṣu ni.

Mi ò tíì sọ nípa “o” tó wà ní ìparí gbólóhùn mi. Ìwé gírámà lè fún un ní ìlà kan. Bí mo bá yọ ọ́ kúrò, ìjà dé. “Ṣebí”, “jàre”, “kẹ̀”, “ná”, “ńkọ́”, gbogbo àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń gbé ọjà Bódìjà ró láti àárọ̀ di alẹ́, tí ọmọ tó gba A ò mọ ibi tó ti yẹ kó fi wọ́n sí.

Ẹni tó fún mi ní ọ̀nà tí mo fi ń wo irú nǹkan báyìí ni Halliday, onímọ̀ èdè, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó parí iṣẹ́ rẹ̀ sí Ọsirélíà, tó kú lọ́dún 2018. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ń fi èdè ṣe ló sọ èdè di bó ṣe rí. Ó ní iṣẹ́ mẹ́ta ni gbólóhùn máa ń ṣe pa pọ̀: ó ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ń tún àárín ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń gbọ́ ṣe tàbí kó bà á jẹ́, ó sì ń so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tó ti ṣáájú. Ẹ gbé e lé ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jà. Rírà ẹ̀wà ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀. “O” àti ẹ̀fẹ̀ ilẹ̀ títà ló tún àárín wa ṣe. “Ni” ló so ó mọ́ iye owó tí ìyá ẹlẹ́wà ṣẹ̀ṣẹ̀ pè. Ẹni tó bá kọ́ ọmọ ní ìkíní nìkan ti kọ́ ọ ní ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ohun tó wá dùn mí ni pé Halliday kò jìnnà sí wa rárá. Lọ́dún 1963, Ayọ̀ Bámgbóṣé gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Edinburgh, níbi tí Halliday ti ń kọ́ni nígbà yẹn. Ó padà sí Yunifásítì Ìbàdàn, ìwé rẹ̀, A Grammar of Yoruba, sì jáde ní Cambridge lọ́dún 1966. Ọ̀nà Halliday ló gbà ṣe é: gbólóhùn, awẹ́ gbólóhùn, àpólà, ọ̀rọ̀, mọ́fíìmù, ìkan nínú ìkan. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀ níwájú mi. Ṣùgbọ́n Halliday ti ìgbà yẹn ni. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀gbẹ́ni náà ń rìn lọ. Ó tẹ̀ lé ọmọ bíbí inú rẹ̀ láti ìgbà tí kò tíì mọ ọ̀rọ̀ kankan, ó ń kọ ohun tí ìkókó náà ń fi ohùn rẹ̀ bèèrè sílẹ̀, ó sì fi ṣe ìwé lọ́dún 1975. Nígbà tí ìwé gírámà ńlá rẹ̀ fi máa jáde lọ́dún 1985, iṣẹ́ tí èdè ń ṣe ló fi síwájú. Àwa dúró sí 1966. Awẹ́ gbólóhùn àti àpólà kúrò ní yunifásítì, wọ́n wọ ìwé ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n jókòó, wọn ò dìde mọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi Bámgbóṣé, òun gan-an kò dúró. Ìwé rẹ̀ Language and the Nation tó jáde lọ́dún 1991, orí ohun tí èdè ń ṣe nínú ìjọba, ilé ẹ̀kọ́ àti ìgbé ayé àwùjọ ló dá lé. Àwa tí a kọ ìwé fún àwọn ọmọ ni a mú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí a fi ìyókù sílẹ̀.

Òwe náà ń jẹ ìyà kan náà. Abẹ́ lítíréṣọ̀ alohùn ló wà, “Parí òwe yìí” sì ni ìbéèrè rẹ̀. Lọ́dún 1964, Ojo Arewa, ọmọ Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn, àti Alan Dundes kọ àpilẹ̀kọ kan tó dá lórí òwe tí àwọn Yorùbá fi ń tọ́ ọmọ. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kíkó òwe jọ kò tó. Ta ló pa á? Ta ló pa á fún? Níbo, nígbà wo, kí ló sì fẹ́ kí ẹni yẹn ṣe? Bí ẹnì kan bá mọ òwe tí kò mọ ìwọ̀nyí, kò tíì mọ òwe.

Ẹ mú “Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.” Ọmọ kíláàsì kejì girama á parí rẹ̀ fún yín lójú oorun. Ẹ jẹ́ ká gbé e lé Cocoa House, ilé gíga tó wà ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó jóná lọ́dún 1985, ó di ọdún 1992 kí wọ́n tó tún un ṣe tán, tí wọ́n ṣí i padà. Bí ẹnì kan bá ní ọ́fíìsì níbẹ̀ tí gbogbo ìwé rẹ̀ sì jó, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá pa òwe yìí fún un lọ́jọ́ kejì, ìtùnú ni, ó sì jọ pé ẹ̀gbọ́n yẹn máa dá owó sí i. Kí ẹni tí wọ́n jọ ń du iṣẹ́ pa á fún un lọ́jọ́ kan náà, èébú ni. Ẹni tó bá wá dúró níwájú ilé náà ní 1992 tó wo òkè tó sì pa á, oríyìn ló ń sọ. Bí ọmọdé bá fẹ́ pa á, àfi kó kọ́kọ́ tọrọ gáfárà, “tótó ó ṣe bí òwe,” kí àgbà tó dáhùn. Ìwé ìdánwò ò ya àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí sọ́tọ̀. “Ẹwà ló bù sí i,” máàkì kan.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ariwo sọ, ó sì yẹ kó sọ. Èmi náà bínú. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tí mo gbọ́ lórí rédíò nínú ọkọ̀, àwọn kan ń sọ pé Yorùbá ni ogún wa, àwọn kan ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni owó wa. N kì í gbọ́ kí ẹnì kan bèèrè ohun tí ọmọ lè fi Yorùbá tí à ń kọ́ ọ ṣe. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ó lè fi parí òwe, kí ni wọ́n máa fi bá wa jà fún un?

Ẹlẹgbẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ni máa ń sọ fún mi pé àlá ni mò ń lá. Ó ní tí a bá gbé ọjà Bódìjà wọ kíláàsì, ta ló máa máàkì rẹ̀? Gírámà ní ìdáhùn kan, ìlò ní ọgọ́rùn-ún. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Mi ò ní kí a da àpólà nù, torí ẹni tí kò mọ ibi tí “ni” wà nínú gbólóhùn kò ní rí iṣẹ́ tó ń ṣe. Àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí mo fi kọ́ni, Gẹ̀ẹ́sì ni mo rí tó ní bébà ẹnu tirẹ̀ nínú ìdánwò àṣekágbá, tí wọ́n ń tẹ́tí sí bí ọmọ ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Èdè àlejò la rò pé ó yẹ kí ọmọ lè fi ẹnu sọ. Ìlò kì í sì í ṣe ìdáhùn ọgọ́rùn-ún. “Ẹ kú ewu” fún olóòkú, òdo ni. Kò sí àríyànjiyàn ní Bódìjà lórí ìyẹn.

Kò sì ní náni ní nǹkan kan láti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ tó wà ní Agbowó lè kó àwọn ọmọ SS2 rìn dé ọjà Bódìjà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí kálukú dúró ti ìsọ̀ kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀ gan-an bí wọ́n ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú “o” àti “jàre” rẹ̀, láìtún un ṣe. Ó kù sọ́wọ́ olùkọ́ láti tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ìyálọ́jà kí wọ́n tó lọ, torí pé ìyẹn náà wà lára ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá wá ní kí n ṣètò ìbéèrè kan péré fún ìdánwò tó ń bọ̀, èyí ni màá kọ:

Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ ní ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà jóná lálẹ́ àná, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọ sì wà nílé ìwòsàn. Bàbá rẹ ní kí o lọ kí i. (i) Ta ni wàá kọ́kọ́ bi léèrè ọ̀rọ̀ kí o tó wọlé, kí sì ni wàá bi í? (ii) Kọ ohun tí wàá fi kí ọ̀rẹ́ bàbá rẹ, àti ohun tó máa fi dá ọ lóhùn. (iii) Ó ní, “Ta ló rán ẹ wá?” Dá a lóhùn, kí o sì sọ ohun tó fa “ni” tàbí “ló” inú ìdáhùn rẹ. (iv) Ǹjẹ́ o lè pa òwe fún un? Bí o bá lè pa á, kí ló máa ṣáájú rẹ̀ lẹ́nu rẹ? Bí o kò bá lè pa á, ta ló lè bá ọ pa á?

Ogún máàkì. Kí olùkọ́ tó máa máàkì rẹ̀ sì kọ́kọ́ jókòó dáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀.